Jìtá Lẹ́yìn, Ìyókù Nínú Àpò Kan

Àbúrò kan láti Kétu ló kọ̀wé sí mi. Ó ní:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Èmi ni mò ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹgbẹ́ eré kan ń pè mí sí òde ní òpin ọ̀sẹ̀, púpọ̀ nínú òde náà sì jẹ́ ní Èkó lọ́hùn-ún, ní Oníkan àti agbègbè Broad Street. Amp mi, ẹ̀rọ tí jìtá fi ń dún sókè, tóbi, kò ṣeé gbé wọ BRT, owó takisí sì ń jẹ ohun tí wọ́n bá san fún mi tán. Mo fẹ́ dín ẹrù kù. Ṣé kí n ra amp kékeré ni, àbí processor, àpótí tó ń yí ohùn jìtá padà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, àbí kí n tilẹ̀ pààrọ̀ jìtá fúnra rẹ̀ sí irú èyí tí kò lórí? Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rà á lẹ́ẹ̀mejì."

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí owó tó jáde lápò. Fi jìtá rẹ sílẹ̀ bó ṣe wà. Amp kékeré ṣì lè dúró. Processor kan tó ń lo bátìrì, tó sì ṣeé kì bọ míkísà tààrà, ni kó o kọ́kọ́ rà, kó o wá fi DI box kan (àpótí kékeré tó ń so ohùn jìtá mọ́ míkísà) àti wáyà gidi méjì tì í. Bó bá ṣe pé èmi ni mo wà ní ipò rẹ lónìí, ohun tí màá ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà láti ibi tí ohùn ti ń jáde. Nígbà tó o bá gbé amp ńlá yẹn dé òde, ta ló ń gbọ́ ọ? Ní ṣọ́ọ̀ṣì, sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì ni ìjọ ń gbọ́. Ní òde ìnáwó, sípíkà tí wọ́n háyà ni àwọn àlejò ń gbọ́. Onísáùǹdì á gbé máìkì kan síwájú amp rẹ, ohùn á gba inú máìkì lọ sí míkísà, ibẹ̀ ni yóò ti jáde sí gbogbo ayé. Amp tó o pọ̀n láti Kétu wá, ìwọ àti onílù tó jókòó tì ọ́ nìkan lẹ jọ ń gbọ́ ọ.

Àwọn ọ̀gá wa gbé amp ńlá nítorí pé kò sí ọ̀nà míì nígbà náà. Wo Roland JC-120 tó jáde ní 1975: sípíkà 12 ínṣì méjì, agbára 120 wáàtì, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó kílò 28. Ó ju ìdajì ìwọ̀n àpò ìrẹsì ńlá oníkílò 50 lọ. Ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi òjò, chorus inú rẹ̀, tó ń mú kí jìtá kan dún bíi méjì, sì dùn mọ́ eré jùjú àti háíláìfù dáadáa. Ṣùgbọ́n ní 1976, ọdún kan péré lẹ́yìn náà, àwọn tó ṣe é yọ chorus yẹn jáde kúrò nínú amp, wọ́n kó o sínú àpótí irin kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, wọ́n pè é ní CE-1. Òun ni pedal àkọ́kọ́ tí Boss, ẹ̀ka Roland, ṣe. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan inú amp ti ń jáde bọ́ sínú àpótí kékeré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé orí ohùn amp náà fúnra rẹ̀. Lónìí, sípíkà nìkan ló kù tí àpótí kékeré ò lè kó, sípíkà sì ti wà ní òde kó o tó dé.

Ibì kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó yé ọ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé "processor ò dùn." Sípíkà inú amp jìtá kì í gbé ohùn tó ga jù jáde. Láti nǹkan bíi 5,000 Hz (òǹkà tí wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó) lọ sókè, ó máa ń dín in kù. Sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀ ní twita, sípíkà kékeré fún ohùn òkè, ó ń gbé ohun gbogbo jáde dé 15,000 jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó o bá ti jìtá bọ míkísà láìsí ohun tó máa ṣe iṣẹ́ sípíkà amp láàárín, wàá gbọ́ ohùn tó ń há létí, bí ẹni ń fi ìṣó ya agolo mílíìkì. Ohun tí wọ́n ń pè ní cabinet nínú processor ló ń dín ohùn há-há yẹn kù. Tí kò bá sí nínú èyí tó o fẹ́ rà, fi sílẹ̀ fún wọn, bó ti wù kó pọ́n lójú tó.

Kódà tó bá wà níbẹ̀, o gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀rọ náà ibi tó ń lọ. Bí àpẹẹrẹ, Boss GT-1 ní ojú ìwé kan nínú àtòjọ rẹ̀ tó ń jẹ́ OUTPUT SELECT. Wàá rí orúkọ oríṣiríṣi amp níbẹ̀, wàá sì rí LINE/PHONES. Míkísà lò ń lọ, LINE/PHONES ni kó o yàn. Mo ti bá ọmọ kan tún tirẹ̀ ṣe ní ìdánrawò rí. Ó ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ti ń wá ẹni tí yóò tà á fún, torí ohùn rẹ̀ burú. Ojú ìwé yẹn nìkan la yí padà. Ó ta ìlà kan, ó dákẹ́, ó tún ta ìlà kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i láti gbọ́ bóyá jìtá kan náà ni.

Èwo ni kó o wá rà? Mo mọ mẹ́rin dáadáa tó ṣeé gbé. Zoom G1 Four kéré jù, kò ju 340 gíráàmù lọ, bátìrì AA mẹ́rin ló ń jẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, G1X Four, ní ẹsẹ̀ lára, ìyẹn pẹpẹ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rọ̀ sókè rọ̀ sílẹ̀, ó sì jẹ́ nǹkan bíi 610 gíráàmù. GT-1 tí mo dárúkọ jẹ́ nǹkan bíi kílò kan àti díẹ̀, òun náà ní ẹsẹ̀ yẹn, òun náà ń jẹ bátìrì AA mẹ́rin. Line 6 HX Stomp náà kéré, ohùn rẹ̀ dára ju gbogbo wọn lọ létí tèmi, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, kì í lo bátìrì, iná tó ń fẹ́ sì pọ̀: 9 fọ́ọ̀tì (volt), 3 amperes. Ṣájà tirẹ̀ gan-an lo máa gbé kiri.

Fún ìwọ, nínú G1X Four àti GT-1 ni kó o ti mú. Èyí tó ní ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ kó o mú, mi ò ní tọrọ gáfárà lórí ìyẹn. Nínú eré wa, jìtá kì í ṣe olórí ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí gángan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tàbí tí olórin bá ń ki ẹni tó náwó lé e lórí, abẹ́ ni jìtá gbọ́dọ̀ wà. Ọwọ́ rẹ méjèèjì wà lórí okùn, o ò lè máa nawọ́ sí bọ́tìnnì jìtá ní gbogbo ìṣẹ́jú. Ẹsẹ̀ lo máa fi rọ ohùn sílẹ̀, ẹsẹ̀ lo máa fi gbé e dìde nígbà tí ọ̀gá bá kọjú sí ọ pé ó yá.

Má jẹ́ kí iye nǹkan tó wà nínú rẹ̀ tàn ọ́ jẹ. Ohùn mẹ́ta péré tó ọ: ọ̀kan tó mọ́, tó ní compressor díẹ̀ (tó ń mú kí ohùn dọ́gba) àti chorus díẹ̀, fún títa àtẹ̀lé, ọ̀kan tó jọ ọ́ gan-an ṣùgbọ́n tó fi díẹ̀ pariwo jù ú lọ, tí delay kékeré (ohùn tó ń tún ara rẹ̀ sọ) wà nínú rẹ̀, fún ìgbà tí wọ́n bá ní kó o dá ta, àti ọ̀kan tó ní reverb gbọọrọ (ìró bíi ti gbọ̀ngàn ńlá) fún ìjọsìn. Má ṣe parí iṣẹ́ wọn nínú yàrá pẹ̀lú ìyeetí (headphone). Etí wa kì í gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa tí ariwo bá kéré, nítorí náà wàá máa fi kún un, fi kún un, tó o bá dé òde tí wọ́n ṣí sípíkà ńlá, á wá di gbùù. Bẹ àwọn tó ń ṣe sáùǹdì ní ṣọ́ọ̀ṣì yín kí wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọ ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìsìn. Ibẹ̀ ni kó o ti ṣe é.

Wàyí o, iná. Ibí ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́.

Ó ti tó ọdún mélòó kan, ìnáwó òkú àgbà kan ni, ní Mushin. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé ohun èlò wa náà ló ń gbé fíríjì tí wọ́n kó ọtí sí. Ó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ olóòkú bọ́ sí agbo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó, eré sì wọ ara. Ẹnì kan lọ ti fíríjì kejì bọ iná lẹ́yìn ilé. Gílóòbù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré. Kíbọ́ọ̀dù ò kú, míkísà ò kú. Processor mi kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí padà: orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ hàn lójú gíláàsì, ó dúró síbẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Nígbà tó jí tán, ohùn àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ló gbé wá, èyí tí àwọn tó ṣe é fi síbẹ̀ láti fi polówó ọjà wọn, ohùn fífọ́ tí wọ́n ń lò fún rọ́ọ̀kì. Mo tẹ okùn, ariwo ẹ̀rọ ìlọta tú jáde láàárín orin oríkì. Ọ̀gá wa yíjú wò mí. Kò sọ nǹkan kan. Ojú yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Láti ọjọ́ náà, ohun méjì ni mi ò fi ṣeré mọ́. Èkíní, ohùn tó mọ́ ni mo máa ń fi sí àyè kìíní nínú gbogbo processor tó bá kọjá lọ́wọ́ mi, kó lè jẹ́ pé bó bá kú tó jí, ohun tí yóò gbé wá kò ní dójú tì mí. Èkejì, bátìrì ni mo fi ń ṣeré, bí iná bá tilẹ̀ wà. Jẹnẹrétọ̀ lè ṣẹ́jú bó ṣe fẹ́, wọ́n lè máa yí i láti Nẹ́pà sí jẹn, láti jẹn sí Nẹ́pà, tèmi á máa ṣiṣẹ́ lọ.

Bátìrì AA yìí ni irú èyí tó ń wọ aago ara ògiri. Ra èyí tí wọ́n kọ alkaline sí lára. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà nínú gósílóò kì í tó wákàtí méjì kí wọ́n tó rẹ̀. GT-1 lè lo nǹkan bíi wákàtí 7 lórí alkaline mẹ́rin, àwọn Zoom yẹn sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bẹ̀rẹ̀ òde kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tuntun, kó o sì gbé mẹ́rin míì sápò. Àwọn tó o yọ, agbára ṣì wà nínú wọn. Aago ilé yín á lò wọ́n fún oṣù púpọ̀. Nígbà tí ẹ bá sinmi láti jẹun, ní kí onísáùǹdì pa ọ̀nà rẹ lórí míkísà, kó o wá yọ wáyà kúrò ní INPUT. GT-1 àti ọ̀pọ̀ pedal kékeré, wáyà tó wọ INPUT ló ń tan wọ́n. Tí o bá fi síbẹ̀, wọ́n á máa jẹ bátìrì nígbà tí ìwọ náà ń jẹ ẹ̀bà.

Ṣájà náà, ra á, ṣùgbọ́n ka ara rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ INPUT 100-240V. Tòkunbọ̀ tó wá láti Japan lè jẹ́ ti 100 nìkan, ti Amẹ́ríkà ti 120 nìkan. Ti irú wọn bọ iná tiwa tó ń rìn láàárín 220 sí 240, wàá gbọ́ òórùn rẹ̀ kó o tó rí èéfín. Wo àwòrán kékeré tí àmì ìyọkúrò àti ìròpọ̀ wà lára rẹ̀: Boss àti Zoom ń fẹ́ èyí tí àmì ìyọkúrò wà ní àárín. Iye mA tó wà lára ṣájà lè ju ohun tí ẹ̀rọ ń fẹ́ lọ, kò séwu. Fọ́ọ̀tì ló gbọ́dọ̀ bá ara mu gẹ́lẹ́.

Ohun kan wà tó ju ohùn lọ. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ òde ni kò ní wáyà ilẹ̀ rárá. Bó o bá ń kọrin tì jìtá, ọwọ́ rẹ lórí okùn, ètè rẹ bá kan máìkì, iná lè gbá ọ. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ní kí onísáùǹdì fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wo àárín okùn jìtá àti irin máìkì. Má fi ọwọ́ ara rẹ dán an wò. Tí iná bá wà níbẹ̀, má kọrin títí wọn ó fi tún un ṣe. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹsẹ̀ gígùn orí plọ́ọ̀gì rẹ nítorí pé jìtá ń kùn.

Kíkùn yẹn ló mú mi dé ọ̀dọ̀ DI box. Àpótí kékeré kan ni, kò tóbi ju odidi ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Wáyà jìtá kò ṣeé fà jìnnà. Bó bá ti ju 6 mítà lọ, yóò máa pàdánù adùn òkè, yóò sì máa fa ariwo iná mọ́ra, pàápàá tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wáyà jẹnẹrétọ̀ kọjá. DI máa ń yí ohùn jìtá sí irú èyí tí wáyà máìkì ń gbé, ìyẹn sì lè rìn 30 mítà láti orí ìtàgé dé ibi tí míkísà wà láìsí ariwo. Ra passive, tí kò nílò bátìrì tàbí iná kankan, torí inú processor ni ohùn ti ń bọ̀, ó ti lágbára tó. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ GROUND tàbí LIFT sí. Tó bá ń kùn hùùù, tẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Onísáùǹdì lè sọ pé òun ní DI. Mú tìrẹ dání ṣá. Tiwọn máa ń wà lára kíbọ́ọ̀dù.

Má gbàgbé, níbi tí ohùn ti ń jáde lẹ́yìn GT-1, ihò méjì ló wà. Èyí tí wọ́n kọ L/MONO sí ni kó o lò. Bó o bá kì í bọ R nìkan, ààbọ̀ ohùn rẹ lè máà dé míkísà.

O béèrè nípa amp kékeré. Ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀: ìsọmọlórúkọ ní àárọ̀ nínú yàrá àlejò, àdúrà ilé, ibi tí kò sí míkísà rárá. Roland Micro Cube GX jẹ́ kílò 2.7, 3 wáàtì, ó ń lo bátìrì AA mẹ́fà. Ó tó fún yàrá, kò tó fún ibi tí onílù bá ti gbé ọ̀pá. Cube Street EX ń fún ọ ní 50 wáàtì lórí bátìrì mẹ́jọ, ṣùgbọ́n kílò 7.4 ni, owó rẹ̀ sì ju ti processor lọ. Fi owó òde mẹ́ta tàbí mẹ́rin pamọ́ ná. Ní báyìí, sọ fún onísáùǹdì kó fi jìtá rẹ sínú mọ́nítọ̀ iwájú rẹ, kó o ṣe é ní sùúrù, kó o kí i dáadáa nígbà tó o bá dé. Ẹni tó o bá kí kó tó di pé o ní ìṣòro máa ń tètè gbọ́ ọ.

Jìtá tí kò lórí dára, ṣùgbọ́n ohun tó máa dín kù lẹ́yìn rẹ kò ju kílò kan, kílò kan àbọ̀ lọ. Okùn àwọn kan nínú wọn tún ṣòro rí láàárọ̀ Sátidé tí ọ̀kan bá já. Wáyàlẹ́sì náà, dúró. Ọ̀pọ̀ èyí tó rọjú ń lo 2.4 GHz, ibẹ̀ náà ni Wi-Fi àti Bluetooth gbogbo fóònù inú gbọ̀ngàn wà.

Nípa ọ̀nà, ra àpò jìtá tó nípọn, tó ní okùn èjìká méjì. Bó o bá ń wọ BRT, sọ ọ́ kalẹ̀ kúrò lẹ́yìn kó o tó gun àtẹ̀gùn, gbé e síwájú, kí orí rẹ̀ má bàa gbá òkè ilẹ̀kùn. Nínú dánfó, sanwó àga méjì, kó o gbé e sáàárín orókún rẹ kí ọrùn rẹ̀ wà lókè. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, kí náílọ́ọ̀nù ńlá kan má wọ́n nínú àpò rẹ. Má fi jìtá sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ tó wà lójú oòrùn. Lẹ́ẹ̀ tó so ó pọ̀ ò fẹ́ràn ooru.

Tó bá jẹ́ Alábà lo ti fẹ́ rà á, gbé jìtá rẹ àti bátìrì mẹ́rin tìrẹ lọ. Má jẹ́ kí wọ́n dán an wò fún ọ pẹ̀lú jìtá tiwọn lórí amp tó ń pariwo. Ti ìyeetí bọ̀ ọ́, ta ìlà tó o mọ̀ jù, mi wáyà sọ́tùn-ún sósì nínú ihò rẹ̀. Bó bá ń gé ohùn, ihò ti tú. Tẹ gbogbo bọ́tìnnì ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá mẹ́wàá, rọ ẹsẹ̀ títí dé òkè àti ìsàlẹ̀, kó o wò bóyá nọ́ńbà ojú gíláàsì ń tẹ̀ lé e láìfò. Ṣí ibi bátìrì, wo bóyá irin inú rẹ̀ ti dípàtà. Bí ọlọ́jà bá ní o pẹ́ jù, kí i, kó o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.

Kó o tó lọ náwó, ṣe èyí fún mi lọ́jọ́ kan tí kò sí òde. Gbé jìtá kọ́ ẹ̀yìn. Wá àpò ilé-ìwé kan, kó ohun tó wúwo tó kílò mẹ́ta sí i: wáyà méjì, ẹksitẹ́ńṣọ̀n kan, ìwé díẹ̀ dípò processor àti DI. Jáde nílé, gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ Kétu, sọ̀kalẹ̀ ní òdìkejì, kó o tún gùn ún padà láìdúró. Bí èémí rẹ bá ṣì gún nígbà tó o dé ilé, ìwọ̀n rẹ nìyẹn. Má jẹ́ kí ohun tó o máa rà jù ú lọ.